Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé Ìwé, Ta Ló Ni Ín?

  

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwé gíga àti ìdàgbàsókè ìlú ní Òkè-Ògùn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣòroó sọ níbi àpèjẹ. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún èyí tó ti ṣe, a ó tọrọ òmíràn, a ó pàtẹ́wọ́, oníkálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn lónìí. Ilẹ̀ kan ni mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ wò: ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Inú ọgbà ní olówó, ó ní alákòóso, ó ní àwòrán tí wọ́n yà kí wọ́n tó fi bíríkì kan lé èkejì. Ẹ̀yìn ọgbà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra gààrí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi. Mo wá béèrè ẹni tó ni ẹrù ibẹ̀ lọ́rùn.

Èmi náà gbé ẹ̀yìn ọgbà rí. N kò ní dárúkọ ìlú náà, torí ìlú tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Yàrá mi wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí odò kékeré kan máa ń gbà kọjá nígbà òjò. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, mo gbọ́ tí nǹkan ń kan ẹsẹ̀ ibùsùn mi, kó, kó, kó. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ni, ó ti léfòó. Kí n tó rí ìṣáná, omi ti dé orúnkún. Ìwé tí mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò ti rin gbingbin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, onílé wá, ó wo ilẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, àgbàrá ni.” Mo bínú sí bàbá náà fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ta ojú odò fún òun náà ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, tí kò sí ẹni tó lè rí odò níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onílé kan ṣoṣo kò lè kọ̀ fún àgbàrá. Bí ó bá mọ ògiri dí i lọ́nà, ilé aládùúgbò rẹ̀ ni yóò yà sí. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ kọ̀ fún un papọ̀, ìgbà tó sì rọrùn jù láti kọ̀ fún un ni ìgbà tí kò tíì sí ilé kankan lórí ilẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ni a wà báyìí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè-Ògùn. Ìdí tí mo fi gbà láti wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí a ṣe dé ibi tí a wà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Kíṣì, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho. Ilẹ̀ wa fẹ̀, ó lọ títí dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Ìlà rélùwéè tí àwọn òyìnbó là láti Èkó, tó wọ Ìbàdàn ní nǹkan bí 1901, tó gba Òṣogbo lọ sí Jẹ́bà, kò ya ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà náà ni ẹkún wa ti jẹ́ ẹkún ọ̀nà. Ọmọ wa tó bá fẹ́ kàwé dé òkè, Ìbàdàn ni, Ifẹ̀ ni, Ìlọrin ni.

Nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn wà ní Ṣakí fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ olú ilé ìwé náà ní Ìbàdàn ló ń pàṣẹ fún un. Ní 2014, ó gba òmìnira, ó di The Oke-Ogun Polytechnic, Ṣakí. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ tún gbé iṣẹ́ ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn fún agbaṣẹ́ṣe, kìlómítà 65, ọ̀nà tó ti sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ di àkísà. Wọ́n sì ṣe é parí. Ẹ ò gbàgbé bí ìrìn àjò sí Ìbàdàn ṣe rí kó tó di ìgbà náà. Nígbà tó di 2022, yunifásítì LAUTECH gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Ọdún 1990 ni wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni inú wọn dùn pé kí ẹ̀ka kan ṣí kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó yé mi. Ẹni tó ti rí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń mú wọ ìlú kò ní fẹ́ kí wọ́n fà á lọ níṣojú òun.

Ohun tó yẹ kí àwa tí a gbà á máa bi ara wa ni bóyá a ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ bí owó ilé ìwé gíga ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Àjọ TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀ bó ṣe wà yìí, ń rí owó nínú ohun tí wọ́n ń gbà lára èrè àwọn ilé iṣẹ́, ó sì ń pín in fún àwọn ilé ìwé gíga ti ìjọba. Owó yẹn ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, yàrá ìwádìí àti ilé ìkàwé tí ẹ ń rí orúkọ TETFund lára wọn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni òfin fi owó náà sí. Kò lè la gọ́tà sí àdúgbò yín, kò lè gbẹ́ kànga fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì. Ibi tí ọgbà parí sí ni owó náà parí sí. Ẹ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé ìjọba èyíkéyìí ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ wo ọwọ́ inú, kí ẹ wo ọwọ́ ìta. Ọ̀dà tó ń dán nínú lè má ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí kòtò tó wà níta.

Ta ni ó yẹ kó ṣe ìta? Òfin sọ ọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 ní àfikún kẹrin tó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: òpópó àdúgbò, kòtò ìdaminù, iná ojú pópó, ọjà, ibùdókọ̀, kíkó ìdọ̀tí, àní sísọ òpópó lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Iṣẹ́ káńsù ni gbogbo rẹ̀. Ẹjọ́ tí káńsù máa ń rò, ẹ ti gbọ́ ọ títí: owó wa kì í dé ọwọ́ wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí bí wọn yóò ṣe mú un ṣẹ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn, àwa ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ọ́fíìsì alága káńsù, kí a béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé gọ́tà mélòó ni ẹ là lọ́dún yìí, ibo ló sì wà.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ìlú tún yàtọ̀. Òfin 88 ti 1992 ní kí ìlànà ìkọ́lé wà láti ìpele àpapọ̀ dé ìpele ìbílẹ̀. Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dájọ́ ní 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ìlànà ìkọ́lé wà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà ṣáájú. Ẹ wá wo bó ṣe rí: ilẹ̀ wà lábẹ́ gómìnà nínú ìwé, ó wà lọ́wọ́ ẹbí ní ti gidi, gọ́tà rẹ̀ wà lọ́rùn káńsù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé orí rẹ̀ wà lábẹ́ ilé ìwé. Àwọn mẹ́rin yìí kì í jókòó sídìí tábìlì kan náà. Nígbà tí wọn kò jókòó, ẹni karùn-ún á wọlé: ẹni tó ń bá ẹbí ta ilẹ̀ tó sì ń gba owó ìdí iṣẹ́. Òun ló wá di ẹni tó ń ya àwòrán ìlú wa, bẹ́ẹ̀ kò mú pẹ́ńsù lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí bí ilẹ̀ ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni ìlú ti ń bàjẹ́.

Ìròyìn dé pé ilé ìwé ń bọ̀. Kí wọ́n tó sọ òpó àkọ́kọ́, àwọn oníbàárà ti dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí. Ọmọ ẹbí kan ń fẹ́ owó ìtọ́jú ilé ìwòsàn, òmíràn fẹ́ ra ọ̀kadà, òmíràn fẹ́ lọ Èkó. Wọ́n na okùn sílẹ̀, wọ́n gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ẹni tó rà ní iwájú ń gba ọ̀nà ìlú wọlé. Ẹni tó rà lẹ́yìn rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ti iwájú. Ẹni kẹta ń gba àárín àwọn méjèèjì. Nígbà tó bá di ọdún karùn-ún, ọ̀nà ti di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò lè wọ̀ ọ́, ọkọ̀ panápaná kò lè wọ̀ ọ́, òpó iná kò níbi tí yóò dúró sí. Àgbàrá nìkan ló ń ríbi gbà, inú ilé ló sì ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Ẹ mú pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá. Ẹ to márùn-ún sí ọwọ́ ọ̀tún, márùn-ún sí ọwọ́ òsì, kí wọ́n kọjú síra wọn. Òpópó tó máa gba àárín wọn yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 250. Bí a bá fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ìbú, ọkọ̀ méjì á kọjá lára ara wọn, gọ́tà á wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òpó iná á ríbi dúró. Ilẹ̀ tí òpópó yẹn gbà jẹ́ 7,500 lórí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ 5,000. Pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀ péré ni ẹbí yóò yọ̀ǹda kí mẹ́wàá tó lè ní ọ̀nà tó dáa títí láé. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ pápá ni iye rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé bá ti wà níbẹ̀, ìjọba á ní láti wó ilé, á ní láti san owó gbà-má-bínú, èèyàn á sunkún, ẹjọ́ á wà ní kóòtù fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjọba á wo ìdààmú yẹn, á sì fi àdúgbò náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ẹ bá rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà yín, ẹ lọ sí Agbowó ní Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, inú ọgbà rẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n fi ìfarabalẹ̀ gbé kalẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá: igi, ọ̀nà, pápá, ilé gbígbé. Òdìkejì títì ni Agbowó wà. Ilé fún ara mọ́ ilé níbẹ̀, òpópó tóóró, gọ́tà tí kò lórí tí kò nídìí. Àwọn ọmọ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ́tótó àyíká nínú ọgbà ń padà lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́. Títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ìlú Ìbàdàn sì ti san owó àìbìkítà fún ọ̀nà omi pẹ̀lú ẹ̀mí èèyàn, nínú àkúnya odò Ògùnpa ní 1980 àti àkúnya omi ti oṣù kẹjọ 2011.

Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà tí yunifásítì tó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí kó lọ sí ibùdó rẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ tó gbòòrò ló ní, ó ní ayàwòrán ilé tó mọṣẹ́, Arieh Sharon, ó sì wá ní dáàmù tirẹ̀ lórí odò Ọ̀pá lẹ́yìn náà. Ohun tó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn tó gbé e kalẹ̀ ronú kan omi, wọ́n sì ṣe ètò fún un. Àwa, akẹ́kọ̀ọ́ ti dé, ọ̀rọ̀ omi ṣì wà nílẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ fi apá kejì hàn wá. Láti 2016 wọ 2017, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni LAUTECH tí owó kò sì lọ bó ṣe yẹ, ìyanṣẹ́lódì ti ilé ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Onílé tó kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ ń wo yàrá òfìfo. Ìyá olóúnjẹ ń da oúnjẹ nù. Èyí kọ́ wa pé ìlú tó fi ilé ìwé nìkan ṣe oko kò ní oko míì tí yóò sá lọ lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ìsẹ́yìn ní òfì. Ṣakí ní àgbẹ̀dẹ, ó ní ọjà, ó ní ẹnubodè. Ẹ má jẹ́ kí ilé akẹ́kọ̀ọ́ lé wọn kúrò nílẹ̀.

Kò sí ẹni tó máa ń sọ ti òfì nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọgbẹ́ lè ti kọ́kọ́ dé. Ahunṣọ kì í ṣiṣẹ́ nínú yàrá kótópó. Yóò na òwú sílẹ̀ gbọọrọ níwájú òfì, ẹrù tó fi òkúta dì á mú á wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, bó ṣe ń hun ni ẹrù náà ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa tó mọ́ tónítóní ni irinṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣáájú ọ̀kọ̀. Ojúde agbo ilé ni wọ́n ti ń rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Bí ilé bá gbówó lérí nítorí akẹ́kọ̀ọ́, ojúde yẹn ni ọmọ ẹbí á kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́jọ sí. Sányán, àlàárì àti ẹtù tí ayé fi mọ Ìsẹ́yìn yóò wá ibi gbé. Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń ya àwòrán, ẹ ya ojúde ahunṣọ sí i, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ kọ́ ilé sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí omi. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, àpáta ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wo òkè Aṣabarí ní Ṣakí ti rí ohun tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í rì, sísáré ló máa ń sáré lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbàrá wa fi máa ń le ju bí òjò ṣe pọ̀ tó lọ. Lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀wẹ̀, inú ilẹ̀ rírọ̀ díẹ̀ tó bo àpáta àti inú ibi tó sán lára àpáta ni omi máa ń wà. Bí ẹ̀rọ bá gbẹ́ ibi tó sán, omi á tú jáde. Bí ó bá ṣìnà ní ìwọ̀nba díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, eruku ni. Bí ọyẹ́ bá mú, tí oṣù kejì bá dé, kànga agbo ilé á fi ìsàlẹ̀ hàn, àwọn ọmọdé á máa fi kẹ̀kẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì kiri. Ẹ wá fi ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ kún àwọn tó ń fa omi lẹ́nu kànga kan náà. Kànga tí onílé kọ̀ọ̀kan ń dá gbẹ́ kò lè jẹ́ ojútùú. Omi kan náà ni gbogbo wọn ń fà lábẹ́lẹ̀, ṣáláńgá tí wọ́n gbẹ́ sún mọ́ ọn sì lè ba ti gbogbo wọn jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ omi wà. Dáàmù Ikere Gorge tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba Shagari, lórí odò Ògùn, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn níbí. Mílíọ̀nù 690 mítà kúbíìkì omi ni wọ́n ṣe é láti gbà. Ètò tí wọ́n ṣe fún un ni pé kí ó fún àwọn ìlú lómi, kí ó bomi rin oko tó tó hẹ́kítà 12,000, kí ó sì mú iná mẹ́gáwọ́ọ̀tì mẹ́fà jáde. Mẹ́gáwọ́ọ̀tì mẹ́fà kò pọ̀ lójú Èkó, àmọ́ ó lè gbé ilé ìwé kan àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí i ká. Ọ̀pọ̀ ọdún ni omi náà fi jókòó síbẹ̀ tí àwọn apẹja ń jẹ nínú rẹ̀, tí páìpù rẹ̀ kò dé ẹnu ilé wa. Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ń bọ̀ ni orúkọ dáàmù yìí máa ń jáde. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ LAUTECH wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú irú omi yìí báyìí. N kò mọ ibòmíì tí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ilẹ̀, omi, àti àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi omi dáko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dáàmù yìí kúrò lẹ́nu òṣèlú, kí ó bọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ọba, káńsù àti ilé ìwé jọ fọwọ́ sí, tí wọn yóò máa gbé lọ síwájú àjọ Ogun-Oshun tó ń bójú tó o àti ìjọba àpapọ̀, ọdún dé ọdún, títí páìpù yóò fi dé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ara wọn. Wọ́n ń sọ pé ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ kí á dúró dé àwòrán, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa wá. Mi ò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yẹn. Olórí ẹbí tó ní ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ilé ìwé nítorí owó kò lè máa fi ilẹ̀ ṣe ẹwà. Kí ó tà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí awọnlẹ̀ ṣáájú oníbàárà. Pulọ́ọ̀tì tó wà lójú òpópó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 30 ń wọ́n ju èyí tó wà nínú kọ̀rọ̀ lọ, ẹ bi àwọn tó ń tà á. Ẹbí tó yọ̀ǹda pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀ lè rí i gbà padà lórí mẹ́wàá tó kù.

Àwọn mìíràn á ní ilẹ̀ oko ni ilé ń jẹ, ibo ni a ó ti rí iṣu àti ẹ̀gẹ́? Àwọn yìí gan-an ló yẹ kó fẹ́ àwòrán jù. Ìlú tí kò ní ààlà ń jẹ oko lọ bí iná ọ̀dàn. Òfin 1978 kò sì san owó ilẹ̀ lásán fún àgbẹ̀ tí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Irè tó gbìn àti ilé tó kọ́ ni wọ́n máa ń kà. Bí ìlú bá ti fi ààlà sí ibi tí ilé yóò dé, igi òrí àti igi igbá tó wà ní òdìkejì ààlà á ní ìsinmi.

A kì í ṣe àjèjì sí ìlú tí a gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ìgbòho ti jẹ́ olú ìlú Ọ̀yọ́ rí, nígbà tí àwọn Aláàfin wà níbẹ̀, odi ńlá ńlá ló sì yí i ká. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916, wọ́n kó Òkèhò kúrò ní Ahoro lórí òkè wá sí ibi tó wà lónìí, ní 1917. Ipá òyìnbó ló wà nídìí rẹ̀, ìbànújẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn Òkèhò pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n kọ́lé, wọ́n dá ọjà, wọ́n sì di ìlú padà. Wọn kò ní ẹ̀rọ, wọn kò ní kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó ń fi ipá lé wa lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn awọnlẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1908, wà ní Ọ̀yọ́ nítòsí wa níbí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò fi kọ́ṣẹ́. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwé, ọ̀rọ̀ mi sí yín kò gùn. Ẹ mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ gbà lọ́dún tó ń bọ̀, onílé kò mọ̀ ọ́n, káńsù kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún ìlú ní gbangba, lọ́dọọdún, kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga àti ẹni tó fẹ́ là gọ́tà mọ ìwọ̀n tó máa gbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó san owó yàrá, ẹ bi àwọn ará àdúgbò ibi tí àgbàrá máa ń gbà. Ẹ má bi ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Kábíyèsí, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bẹ̀ mi parí sí. Káńsù ní àsìkò tirẹ̀, gómìnà ní tirẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní tirẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó wà níbí nígbà tí gbogbo wọn bá lọ tán. Ẹ pe olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ yí ilé ìwé ká, ẹ pe alága káńsù, ẹ pe ẹni tó ń ṣojú ilé ìwé, ẹ pe awọnlẹ̀ kan, kí wọ́n jókòó sí ààfin yín lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ sàmì sí gbogbo ojú odò, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Kí wọ́n sì ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ sí etí òpópó kọ̀ọ̀kan kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.